Pupa Ni Mo Sọ

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló ti wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣì ṣeé kọ́?" Ẹ ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní jókòó, àfi bí ẹni pé ìdáhùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí, ìbàdí kò jẹ́ kí n lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ bó ti rí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán tó sì tún fẹ́ kọ́ ọ, kó lọ ra aṣọ iṣẹ́.

Sùlé lorúkọ mi, ọmọ Òṣogbo ni mí. Aláró ni ìyá mi. Kò sí bí aró ṣe lè mu aṣọ tí kò ní ohun tó ń pè é. Ó mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu, ó mọ èyí tó mu tán, ó mọ èyí tó mu jù. Bí oníbàárà bá dé tó pe gbogbo rẹ̀ ní dúdú, inú a máa bí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Èmi kò gba iṣẹ́ aró, ọkọ̀ ni mo fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, bàbá mi mú mi lọ sí Iléṣà, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jósẹ́ẹ̀fù. A ṣe àdéhùn ọdún mẹ́rin, a bu ọwọ́ lùwé, ó tán. Àwọn kan ládùúgbò wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ọmọ Mùsùlùmí Òṣogbo ń wá lọ́dọ̀ Ìjẹ̀ṣà onígbàgbọ́. Ọ̀gá a máa gbàdúrà tirẹ̀ láàárọ̀, a sì máa fún mi láyè láti kírun tèmi. Ohun tí kò fún mi láyè fún ni ìwàǹwára. "Uṣẹ́ ni mo pè ọ́ wá kọ́," bẹ́ẹ̀ ni í sọ ọ́ ní ẹnu Ìjẹ̀ṣà tirẹ̀, "n ò pè ọ́ wá díje."

Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ́ kí n tú nǹkan kan. Ó ní etí ni kí n kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Bí mo bá mú sípánà kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, yóò gbà á lọ́wọ́ mi níṣojú awakọ̀ náà, yóò ní kí n lọ máa gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀ títí mo fi mọ iye òkúta tó wà lágbàlá. Mo bínú sí i nígbà yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àwọn ọkọ̀ tí a ń tọ́jú nígbà náà, ọkọ̀ àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Òyìnbó ti lò wọ́n tán, àwa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àìsàn tí mo wá mọ̀ jù lára wọn ni ti sítíárìn páwà. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọ́ìlì kan wà tí pọ́ǹpù ń tì kiri, òun ló ń bá awakọ̀ yí tàyà iwájú. Bí ọ́ìlì náà bá pé, ọwọ́ kan tó láti yí ọkọ̀. Bó bá tán, ọwọ́ méjèèjì lè má tó, pàápàá bí ẹrù bá wúwo.

Bí awakọ̀ bá dé tó ní sítíárìn òun ti le, Ọ̀gá kì í jẹ́ ká ṣí nǹkan kan. Á ní ká wo tàyà ná, bóyá afẹ́fẹ́ ló kù. Á ní ká tẹ bẹ́lítì pọ́ǹpù wò, bóyá ó ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà á fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, á ní kí n di ojú, òun yóò wá yí sítíárìn lọ sí ọ̀tún pátápátá, á tún yí i sí òsì.

"Ṣé ó ń ké ni, àbí ó ń kùn?"

"Ó ń ké, sà."

"Bẹ́lítì nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó ń kùn ńkọ́?"

"Pọ́ǹpù kò rí ọ́ìlì mu, sà."

Bí ọ́ìlì bá ń jò tí a kò mọ ojú ibi tó ti ń jò, Ọ̀gá kì í méfò. A ó fi kẹrosíìnì fọ hóòsì tí ọ́ìlì ń gbà kọjá àti ìdí pọ́ǹpù, a ó nù ún gbẹ, a ó wá bu pọ́dà ọmọ ọwọ́ wọ́n ọn lára títí yóò fi funfun. A ó tan ọkọ̀, a ó yí sítíárìn lọ, a ó yí i bọ̀. Ibi tí pọ́dà bá ti rin, ibẹ̀ ni ọ̀daràn wà. Mo lo ọgbọ́n yẹn títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò já mi kulẹ̀ rí.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá kò fi ṣeré rárá. Bí a bá fẹ́ kí oníbàárà máa bu ọ́ìlì kún ọkọ̀ rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fẹnu lásán sọ fún un. A gbọ́dọ̀ gbé agolo lé e lọ́wọ́, kó wò ó, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sì mú agolo òfìfo dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ṣùgbọ́n láàárín ara wa ní ṣọ́ọ̀bù, ọ́ìlì pupa la máa ń pe ọ́ìlì sítíárìn, torí ó rí bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń tà á kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì gíá ni wọ́n ń pè é, nítorí oríṣi gíá kan wà tí òun náà máa ń lò ó.

Ọdún kẹrin mi ti fẹ́ẹ̀ pé nígbà tí Bàbá Lámídì gbé bọ́ọ̀sì wá. Ará Ìdó-Ọ̀ṣun ni bàbá náà, ó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Lámídì Pupa ni gbogbo gáréèjì mọ̀ ọ́n sí, ara rẹ̀ mọ́ bí ọsàn tó pọ́n. Màmá kan tó ń ra kòkó ní Ifẹ̀wàrà ló ni bọ́ọ̀sì náà, Bàbá Lámídì ló sì ń bá a fi kó kòkó àti èrò. Ọ̀gá wo ọkọ̀ náà, ó rí i pé hóòsì ló ń jò díẹ̀díẹ̀. Hóòsì tuntun yóò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Ọ̀gá ní kí Bàbá ṣì máa lò ó, kó máa wo ọ́ìlì láràárọ̀, kó sì máa bù kún un. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Sùlé, fi ọ́ìlì náà hàn wọ́n." Ni òun bá bọ́ sínú ọkọ̀ ẹnìkan tó wá pè é lọ sí Itagunmọdi, níbi tí ọkọ̀ kan ti dákú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bàbá Lámídì fẹ́ tètè dé mọ́sálásí, ó ń wo oòrùn. Mo ti orí bọ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, mo ń di ìdérí. Agolo náà wà lórí pẹpẹ, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síbi tí mo wà. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ta ni mí tí n óò máa gbé agolo fún àgbà tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, tí n óò ní kó gbóòórùn rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé? Ó dà bí àrífín lójú mi. Mo kàn wí láti inú bọ́ńẹ́ẹ̀tì pé:

"Bàbá, ọ́ìlì pupa ni kí ẹ máa bù sí i o."

"Pupa," ni Bàbá wí. "Mo ti gbọ́. Ọlọ́run yóò fún ọ ṣe, ọmọ mi."

Ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọ́ìlì inú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bàbá yà níbi tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì létí ọ̀nà. Ẹni tó ń tà á gbé jálá dúdú kan jáde, ó ní ọ́ìlì gíá rèé. Bàbá ní kì í ṣe gíá, sítíárìn ni, pupa ni wọ́n sì ní kí òun rà. Ó nawọ́ sí ìgò kan tó mọ́ gaara, tí ohun inú rẹ̀ ń dán bí oyin. Pupa ni ìyẹn lójú rẹ̀, ẹni náà sì gba owó, ó gbé e fún un. Bí ẹ bá gbé e fún mi nígbà yẹn kí ẹ bi mí ní àwọ̀ rẹ̀, pupa ni èmi náà ì bá wí. Ọ́ìlì búréèkì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ́ìlì búréèkì ń ṣe bó bá wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn rọ́bà kéékèèké wà nínú pọ́ǹpù àti nínú sítíárìn tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Bí ọ́ìlì búréèkì bá kan irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, á wú, á rọ̀, á sì já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kì í ṣe é lójú ẹsẹ̀. Bàbá tún wakọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó tún bu òmíràn kún un, ó ń ṣe bí mo ti wí. Lọ́jọ́ tí àwọn rọ́bà náà já, ó kó kòkó, ó kó èrò mẹ́fà, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní òkè kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. Ó dé kọ́nà, ó yí sítíárìn, sítíárìn kò yí. Gbogbo ọ́ìlì ti dà sílẹ̀.

Àwọn èrò tó wà níbẹ̀ ló sọ ìyókù. Wọ́n ní Bàbá dìde dúró lórí búréèkì, ó fi apá méjèèjì àti àyà fa sítíárìn náà, ó ń pe Ọlọ́run. Ó yí i tó kí ọkọ̀ má baà gbé wọn lọ sínú ọ̀gbun. Ọkọ̀ wọ kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tàyà gbá òkúta, sítíárìn ta padà, ó sì ṣẹ́ Bàbá lápá ọ̀tún níbi méjì. Nínú àwọn èrò, kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó fara pa ju pé ara bó díẹ̀ lọ. Bàbá nìkan ló ru gbogbo rẹ̀.

Wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Màmá Ifẹ̀wàrà bá a wá. Ọ̀gá ki ìka bọ agolo kékeré tí ọ́ìlì sítíárìn ń wà nínú ọkọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi í ra àtàǹpàkò, rọ́bà dúdú tó ti rà sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọ́ìlì búréèkì ni wọ́n bù sí i," ó wí.

Màmá ké. "Lámídì! Mo ti ń sọ ọ́, àgbà ti dé sí i, etí rẹ̀ ti di. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ mú àgùntàn tó lọ mú ewúrẹ́ wá, ṣé ẹni tí n óò tún gbé ọkọ̀ èrò lé lọ́wọ́ nìyẹn?"

Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Sùlé. Kí lo sọ fún wọn?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, n óò sọ òtítọ́ yìí, ojú sì ń tì mí. Fíríìdọ̀mù mi, ọjọ́ tí Ọ̀gá yóò dá mi sílẹ̀, ku oṣù méjì, ìyá mi ti ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ọ́ìlì gíá ni mo sọ, sà."

"Ṣé o fi agolo hàn wọ́n?"

"Mo fi hàn wọ́n, sà."

Ọ̀gá wò mí pẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Oṣù méjì pé, kò dárúkọ fíríìdọ̀mù. Nígbà tí bàbá mi wá bi í, ó ní ó ku ohun kan tí n kò tíì mọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n lo ọdún kan sí i. Kò sọ ohun náà, èmi náà kò sì béèrè. Mo padà sórí gbígbá ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gáréèjì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Wọ́n ní Lámídì Pupa kò gbọ́ràn mọ́, wọ́n ní orí rẹ̀ ti ń dàrú. Ẹni tó gba èrò mẹ́fà là ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Èmi a máa gbọ́ ọ, mo máa ń tẹ orí mọ́ inú bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

Oṣù bíi mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo ń lọ sílé lọ́dún Iléyá, mo bá yà ní Ìdó-Ọ̀ṣun láti kí i. Mo ní ìkíni lásán ni. Mo mú iṣu mẹ́ta dání. Bàbá jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ń to eegun ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ṣùgbọ́n apá náà ká kò, kò ṣeé nà mọ́. Nígbà tí mo gbé iṣu fún un, ó na ọwọ́ òsì, ó gbà á.

"Má bínú o, Sùlé," ó wí. "Òsì ni."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Ọwọ́ òsì kọ́ la fi ń júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ òsì kọ́ la fi ń jẹun, a kì í fi í kíni, a kì í fi í gba ẹ̀bùn. Àgbà tí kò rí ènìyàn fín rí láyé rẹ̀ ló ń tọrọ gáfárà yẹn, ọwọ́ èmi tí mo ṣe é léṣe ló sì ti ń tọrọ rẹ̀.

A sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ará ilé má baà gbọ́.

"Sùlé, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má tìtorí pé mo jẹ́ àgbà purọ́ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé kì í ṣe pupa lo wí? Gbogbo wọn ní gíá lo wí, wọ́n sì ní o fi agolo hàn mí. N kò rántí agolo kankan. Mo ti rò ó títí. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run lórí etí mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ lórí ọpọlọ mi. Bí mo bá bọ́ bàtà, mo máa ń padà lọ wò ó bóyá ibi tí mo rò ni mo bọ́ ọ sí. Ṣé orí mi ló ń bà jẹ́ ni?"

Mo ti gbà lọ́kàn mi pé apá ni mo bà jẹ́ fún bàbá náà. N kò mọ̀ pé mo tún mú un débi tí kò ti gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ń sunkún.

"Bàbá, pupa ni mo sọ. N kò fi agolo kankan hàn yín. Etí yín kò di."

Mo ń retí èpè. Ó mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi," ó wí. "Orí mi kò bà jẹ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nù ún. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí.

"Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Pupa. Ìwọ wo ara mi, Sùlé. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni mo jọ? Ìgò tí mo rà yẹn àti awọ mi, àwọ̀ kan náà ni."

Mo rántí ìyá mi nídìí ìkòkò aró, bó ṣe máa ń bínú sí ẹni tó bá pe gbogbo nǹkan ní dúdú. Èmi ọmọ aláró ló fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun méjì.

N kò ṣe ọdún Iléyá yẹn tán. Mo padà sí Iléṣà lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá, mo jẹ́wọ́. Kò yà á lẹ́nu.

"Ọdún tí mo fi kún un fún ọ, èyí ni mo fi ń dúró dè," ó wí. "Ẹni tó gbọ́ gíá kò lè lọ ra búréèkì. Ẹni tó gbọ́ pupa nìkan ló lè rà á. Ẹnu mi ni ìwọ sì ti gbọ́ pupa. Èmi náà jẹ̀bi. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí Ifẹ̀wàrà. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fi ara rẹ̀ ṣáájú nínú ẹ̀bi náà, Ìjẹ̀ṣà tó le bẹ́ẹ̀. Màmá Ifẹ̀wàrà káwọ́ lérí. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó gba Ìdó-Ọ̀ṣun lọ, ó bẹ Bàbá Lámídì, ó sì lọ sí gáréèjì fúnra rẹ̀ láti sọ fún àwọn awakọ̀ pé bàbá náà kò ṣì í gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Orúkọ Bàbá padà sípò. Apá rẹ̀ kò padà, kò sì wakọ̀ mọ́ títí ayé.

Ọ̀gá ṣe fíríìdọ̀mù fún mi lóṣù kejì. Nínú àdúrà rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Òṣogbo, mo sì ṣe é títí irun mi fi funfun. Àwọn ọkọ̀ yí padà, a kò nílò kí a máa dijú gbọ́ ohùn bẹ́lítì mọ́, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń kì bọ ìdí sítíárìn tí yóò kọ àìsàn rẹ̀ jáde. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tiẹ̀ wà báyìí tí iná ń yí sítíárìn wọn, tí kò sí ọ́ìlì kankan níbẹ̀. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kankan kò tíì dé tí yóò sọ fún yín bóyá ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ gbọ́ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, a kì í dárúkọ àwọ̀. Agolo la ń gbé fúnni, ì báà ṣe ọba ló wá.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ náà ṣeé kọ́. Ó ṣeé kọ́. Ó fún mi ní ilé, ó fún mi ní ọmọ. Ó tún fún mi ní ohun kan tí n kò lè gbé sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Lámídì.

Ọdún mẹ́fà ló tún lò láyé lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo máa ń gba Ìdó-Ọ̀ṣun lọ, n kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ìgbà tí mo bá fún un ní nǹkan ló ń tọrọ gáfárà òsì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má wí bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́, ẹlòmíràn ló lè wí i fún, kì í ṣe èmi. Ó ní rárá, pé bí àgbà bá ń fi òsì gba nǹkan láìtọrọ gáfárà, àwọn ọmọ ilé yóò kọ́ ọ.

Jímọ̀ tó kẹ́yìn, ọsàn ni mo mú lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, orí ẹní ló wà, kò ríran dáadáa mọ́. Mo dárúkọ ara mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi kiri títí tó fi kàn án, ó gba ọsàn náà.

"Má bínú, Sùlé," ó wí. "Òsì ni o."